Fóònù, páwà bánkì àti laptop nínú bàálù: bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é tí ò fi ní di wàhálà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ wọ bàálù láìpẹ́, yálà Èkó sí Àbújá ni o, tàbí ẹ ń lọ kí ọmọ ní London, ọ̀rọ̀ fóònù yìí, ilé ni kẹ́ ẹ ti yanjú ẹ̀. Ṣebí gbogbo wa la rí fídíò wàhálà tó ṣẹlẹ̀ lóṣù kẹjọ ọdún 2025 nínú bàálù tó ti Uyo wá s'Ékòó. Fóònù ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Wọ́n ní kí èrò kan pa fóònù ẹ̀ kí bàálù tó gbéra, ó di àríyànjiyàn, bí wọ́n ṣe balẹ̀ báyìí ó di ìjà, ó di kóòtù, ó di Kirikiri, kó tó di pé Festus Keyamo tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ bàálù jáde sọ pé wọ́n ti fa ẹjọ́ náà sẹ́yìn. Mi ò fẹ́ dájọ́ ńbẹ̀. Àmọ́ látìgbà yẹn ni kálukú ti ń bèèrè pé ṣé ká pa fóònù pátápátá ni àbí airplane mode (ibi tẹ́ ẹ máa tẹ̀ tí fóònù ò fi ní lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́) ti tó, àwọn tó ń gbé òkè òkun á ní àwọn ò kí ń pa tàwọn, àwọn tó wà nílé á ní ẹ dákẹ́, ẹ ò tíì wọ bàálù Nàìjíríà láìpẹ́ yìí.

Èmi ní tèmi, ó jọ pé ibi tí ewu ò pọ̀ sí la gbójú lé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì la ń tìtorí ẹ̀ jà, bátìrì ló ń jóná. Torí náà bátìrì ni mo máa kọ́kọ́ mú, ó sì máa gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ẹ yí páwà bánkì yín padà, ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀

Ẹ máa rí ìwé tó wẹ́ bí nǹkan míì lára ẹ̀, mAh á wà ńbẹ̀, Wh náà sì yẹ kó wà ńbẹ̀. Wh yẹn, tó ń sọ bí agbára iná inú bátìrì ṣe tó, làwọn iléeṣẹ́ bàálù ń wò, mAh ò kàn wọ́n. Èyí tí ò bá ju 100Wh lọ, ẹ lè gbé e wọlé láì tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èyí tó bá wà láàárín 100 sí 160, ẹ gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ bàálù yẹn ná, ẹ ò sì lè gbé ju méjì lọ. Èyí tó bá ti ju 160 lọ, ẹ fi í sílẹ̀ sílé o jàre, kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ yín.

Tí Wh ò bá sí lára ẹ̀, ìṣirò ẹ̀ ò le, ẹ fi 3.7 (fóltì bátìrì inú ẹ̀) sọ mAh yẹn di púpọ̀, kẹ́ ẹ wá fi 1,000 pín in. 20,000mAh tí ọ̀pọ̀ wa ń lò, 74Wh nìyẹn, ẹ máa lọ láìsí wàhálà. 30,000mAh, 111Wh ni, ó ti kọjá 100, ẹ gbọ́dọ̀ gbàṣẹ ná. Àwọn ràgàjì tí wọ́n kọ 50,000 sí lára, 185Wh nìyẹn, tó bá jẹ́ òótọ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀ wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbé e wọlé, tó bá sì jẹ́ irọ́ ni wọ́n pa (ẹ ẹ̀ kúkú mọ Computer Village), irọ́ yẹn náà ni sìkíọ́rítì máa kà, wọn ò ní tú u wò.

Èyí tí ìwé ara ẹ̀ ti pa rẹ́, ẹ má mú un lọ ìrìn àjò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń lọ ra ọjà ní Guangzhou gan-an ni mò ń bá wí, torí láti ọjọ́ 28 oṣù kẹfà 2025, páwà bánkì tí ò bá ní àmì 3C (àmì tí China fi ń jẹ́rìí pé ọjà ò léwu) lára ò lè wọ bàálù abẹ́lé ní China mọ́, tẹ́ ẹ bá wá balẹ̀ sí Beijing tẹ́ ẹ fẹ́ wọ bàálù abẹ́lé lọ sí Guangzhou, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ yín ńbẹ̀, kódà kó jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ni.

Ó kan ibi tẹ́ ẹ máa kó o sí. Báàgì ńlá tẹ́ ẹ máa gbé lé ìwọ̀n tẹ́ ẹ ò ní rí mọ́ títí ẹ máa fi dé ibi tẹ́ ẹ ń lọ, páwà bánkì ò gbọ́dọ̀ sí nínú ẹ̀ rárá, bátìrì tó wà lọ́tọ̀ ò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀, vape (sìgá oníbátìrì) náà ò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀. Ọwọ́ lẹ máa fi gbé gbogbo ẹ̀. Ìdí ẹ̀ ni pé bátìrì lithium tó bá ti bà jẹ́ nínú, tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, òun fúnra ẹ̀ láá máa fi kún ooru ara ẹ̀, kò nílò kẹ́nì kankan ṣáná sí i, á máa rú èéfín, á sì gbiná lójijì. Tó bá ṣẹlẹ̀ lókè lọ́dọ̀ èrò, ojú á rí i, wọ́n á da omi sí i. Ní ìsàlẹ̀ níbi ẹrù, ta ló máa rí i? Gáàsì tí wọ́n fi ń paná níbẹ̀ lè pa ọwọ́ iná lóòótọ́, àmọ́ kò lè mú kí bátìrì yẹn tutù.

Nǹkan táwọn èèyàn máa ń gbàgbé jù rèé o. Nígbà míì tí bàálù bá kún, ẹ ti dé ẹnu géètì, ẹ ti fẹ́ wọlé, òṣìṣẹ́ kan á ní àyè ò sí lókè mọ́, ẹ mú báàgì kékeré yín wá ká kó o sísàlẹ̀. Ẹ ẹ̀ ní rántí pé páwà bánkì wà nínú ẹ̀. Kẹ́ ẹ tó fún wọn ní báàgì, ẹ ṣí i, ẹ yọ páwà bánkì, ẹ yọ laptop, ẹ yọ ìwé ìrìnnà àti òògùn yín náà sí i. Èmi máa ń kó gbogbo ẹ̀ sínú ọ̀rá kan nínú báàgì yẹn látilé, kó lè jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo máa fà á yọ.

Laptop lè lọ sínú báàgì ńlá tó bá jẹ́ pé ẹ pa á pátápátá, kì í ṣe pé ẹ kàn pa á dé, torí èyí tẹ́ ẹ pa dé yẹn ń sùn ni, ó ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú. Àmọ́ kí ló dé tẹ́ ẹ fẹ́ fi laptop sínú báàgì tí wọ́n máa jù sọ́tùn-ún jù sósì? Ẹ gbé e dání jọ̀ọ́.

Tí ẹnì kan bá ń rò pé àsọdùn ni ọ̀rọ̀ bátìrì yìí, lọ́jọ́ 28 oṣù kìíní ọdún 2025, bàálù Air Busan kan wà nílẹ̀ ní pápákọ̀ Gimhae ní South Korea, ó ń múra àtigbéra, ni iná bá sọ lókè orí èrò níbi tí wọ́n ń kó báàgì sí. Èèyàn 176 ló wà nínú ẹ̀, gbogbo wọn ló sì rí ojú ọ̀nà sá jáde, àmọ́ bàálù yẹn jó lórí títí òrùlé ẹ̀ fi lu. Páwà bánkì làwọn tó ṣèwádìí nawọ́ sí. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹta ọdún yẹn ni South Korea ti ní kí páwà bánkì má lọ sókè orí mọ́, ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín ni kó wà. Singapore Airlines ní láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin kẹ́nikẹ́ni má fi páwà bánkì ṣájì nǹkan nínú bàálù àwọn. Emirates wá le jù, láti ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 2025, páwà bánkì kan péré lẹ lè gbé, kò gbọ́dọ̀ tó 100Wh, ẹ ò gbọ́dọ̀ lò ó, ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣájì òun fúnra ẹ̀, àpò ẹ̀yìn síìtì tàbí abẹ́ síìtì iwájú yín ló máa wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gba Dubai kọjá, méjì tẹ́ ẹ máa ń kó dání tẹ́lẹ̀ yẹn, ẹ fi ọ̀kan sílé.

Tẹ́ ẹ bá máa wọ bàálù iléeṣẹ́ méjì nínú ìrìn àjò kan, òfin èyí tó le jù nínú àwọn méjèèjì ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé látilé, ẹ ò ní kábàámọ̀.

Fóònù ńkọ́, pípa ni àbí airplane mode?

Ó dọwọ́ ibi tẹ́ ẹ ti ń wọ bàálù. Tẹ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò síbi tí wọn kì í ti í ní ẹ pa á. Ìparí oṣù kẹwàá ọdún 2013 ni FAA, àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ bàálù ní Amẹ́ríkà, ní iléeṣẹ́ tó bá ti yẹ bàálù ẹ̀ wò dáadáa lè jẹ́ kí èrò máa lo fóònù àti tablet láti géètì dé géètì, tó bá ṣáà ti wà ní airplane mode. Kí ọdún yẹn tó parí, àwọn ará Yúróòpù náà tẹ̀ lé wọn, nígbà tó di 2014 wọ́n tún tú u sí i. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn wa tó ti pẹ́ l'óyìnbó fi máa ń sọ pé àwọn kì í pa fóònù. Òótọ́ ni wọ́n sọ, níbẹ̀.

Nílé wa, lẹ́yìn wàhálà ti Uyo yẹn, NCAA, àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ bàálù ní Nàìjíríà, jáde nínú oṣù kẹjọ 2025 kan náà, wọ́n ní kí gbogbo fóònù àti ẹ̀rọ wà ní pípa nígbà tí bàálù bá ń gbéra àti nígbà tó bá ń balẹ̀, kó lè jẹ́ ohun kan náà ni gbogbo iléeṣẹ́ á máa sọ. Torí náà tẹ́ ẹ bá wọ bàálù l'Ékòó, tí òṣìṣẹ́ bá ní ẹ pa á, ẹ má sọ fún un pé British Airways ò kí ń ṣe bẹ́ẹ̀. Pípa ni kẹ́ ẹ pa á. Tó bá ní airplane mode ti tó, ẹ fi sí airplane mode.

Àní kẹ́ ẹ tiẹ̀ mọ òfin ju òun lọ, inú bàálù kọ́ lẹ ti máa jà á. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ní Tokyo lọ́dún 1963 fún páílọ́ọ̀tì láṣẹ láti ní kí wọ́n de ẹni tó bá ń da bàálù rú tàbí kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kò sì sí lọ́yà níbẹ̀ tó máa bá yín sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá wọ́ yín nílẹ̀ lóòótọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ná, NCAA ní àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ èrò ní pápákọ̀, ẹ mú boarding pass yín lọ bá wọn, ẹ rò ó.

Ó wá ku bí wọ́n ṣe ń pa á. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ọ́n, ìgbà wo gan-an lẹ pa fóònù yín kẹ́yìn? Lórí ọ̀pọ̀ fóònù tuntun, bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ tẹ́ ẹ mọ̀ sí ti pípa yẹn kì í pa á mọ́, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, Google tàbí Siri láá jáde tí á ní kí lẹ fẹ́. Ẹ wá fojú inú wo òṣìṣẹ́ tó dúró lórí yín, ẹ̀yin ń tẹ fóònù, fóònù ń bá yín sọ̀rọ̀, lójú tiẹ̀ ńṣe lẹ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Tó bá jẹ́ iPhone tí ò ní bọ́tìnnì níwájú, ẹ di ti ẹ̀gbẹ́ àti ti volume mú pa pọ̀ títí nǹkan tí wọ́n ń fà á fi jáde, kẹ́ ẹ fà á. Lórí ọ̀pọ̀ Tecno, Infinix àti Samsung, ẹ di bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ àti volume mú, tàbí kẹ́ ẹ fa òkè ojú fóònù wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ máa rí àmì pípa ńbẹ̀. Ẹ pa á lẹ́ẹ̀kan lónìí nílé kẹ́ ẹ sì tan án padà, kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá SIM yín máa bèèrè PIN, torí tẹ́ ẹ bá ti gbàgbé PIN yẹn, pápákọ̀ Heathrow ní London kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ ti mọ̀.

Ẹ má gbàgbé màmá àti bàbá o. Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń lò, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ni ò ní airplane mode, pípa náà ni, bọ́tìnnì pupa yẹn ni wọ́n máa tẹ̀ mọ́lẹ̀ títí iná ojú ẹ̀ fi kú. Ẹ jẹ́ kí màmá fúnra wọn tẹ̀ ẹ́ lójú yín, ẹ má bá wọn tẹ̀ ẹ́. Ẹ wá yọ àláàmù àdúrà àfẹ̀mọ́júmọ́ tí wọ́n ti sẹ́ẹ̀tì sórí ẹ̀ kúrò, torí àwọn Nokia àtijọ́, tẹ́ ẹ bá pa á tí àláàmù sì wà lórí ẹ̀, tí aago bá tó, á dún, á tún máa bèèrè bóyá kóun tan. Ẹ sọ fún wọn pé tí wọn ò bá rí i pa, kí wọ́n na fóònù sí òṣìṣẹ́ kí wọ́n ní "ẹ jọ̀ọ́ ọmọ mi, ẹ bá mi pa á." Kò sí òyìnbó tó ju ìyẹn lọ tí wọ́n nílò, tí fóònù bá ti wà lọ́wọ́ wọn tí wọ́n nà án, á yé ẹni yẹn.

Smart watch náà wà ńbẹ̀, airplane mode ni tiẹ̀ náà, àmọ́ tí wọ́n bá ní ẹ pa á, ẹ pa á. Ẹ̀rọ tó ń ran etí lọ́wọ́ àti èyí tí dókítà fi sí àyà èèyàn, wọn ò ní kẹ́ ẹ pa ìyẹn. Ẹ̀rọ insulin, ẹ sọ fún wọn kẹ́ ẹ tó jókòó.

Kí tiẹ̀ ni fóònù ń ṣe fún bàálù?

Mi ò ní sọ fún yín pé fóònù kan ṣoṣo máa já bàálù lulẹ̀. Àmọ́ ẹ mọ ìró didi-didi-didi tí sípíkà rédíò máa ń dún tí ìpè bá fẹ́ wọlé sórí fóònù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀? Irú ẹ̀ lè wọ etí páílọ́ọ̀tì lásìkò tó ń gbọ́ àṣẹ lẹ́nu àwọn tó ń darí bàálù nínú ilé gogoro pápákọ̀. Fóònù tí máàsì jìnnà sí sì máa ń pariwo jù ni, á gbé agbára ẹ̀ sókè kó lè rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ wá sọ ọ́ di èèyàn 150. Lóṣù kìíní ọdún 2022, nítorí máàsì 5G tuntun tí wọ́n fẹ́ tàn nítòsí pápákọ̀ ní Amẹ́ríkà, Emirates àtàwọn míì dá àwọn bàálù kan dúró, torí ẹ̀rọ tó ń sọ bí ilẹ̀ ṣe jìnnà sí bàálù ń lo ìgbì tó sún mọ́ ti 5G yẹn.

Ìdí kejì lèmi gbà jù. Àkókò tí bàálù ń gbéra àti àkókò tó ń balẹ̀ ni nǹkan sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Tó bá jẹ́ pé íápíìsì wà létí yín méjèèjì, tẹ́ ẹ ń wo fíìmù, wọ́n lè ké "ẹ sá jáde" lẹ́ẹ̀mẹta kẹ́ ẹ tó gbójú sókè. Laptop tó wà lórí itan, tí bàálù bá tẹ bíréèkì lójijì, iwájú orí ẹni kan ló máa bá a. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ní kẹ́ ẹ kó laptop wọlé kódà níbi tí wọ́n ti ń fàyè gba fóònù.

Lókè lọ́hùn-ún

Tí bàálù bá ti dúró dáadáa sókè tí wọ́n sì ti ní ẹ lè lò ó, ẹ tan fóònù, airplane mode ṣì máa wà lórí ẹ̀, ẹ wá tan Bluetooth tàbí Wi-Fi lórí ẹ̀, kò ní pa airplane mode yẹn rẹ́. Wi-Fi tó bá jẹ́ ti owó, ẹ wo iye ẹ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ OK. Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀kan o: àwọn bàálù ọ̀nà jíjìn kan ní máàsì kékeré tiwọn nínú, tí fóònù yín ò bá sí ní airplane mode, á so mọ́ ọn, roaming ni wọ́n máa kà á sí, owó ẹ̀ sì lè pọ̀ ju owó dátà oṣù kan lọ, torí pé WhatsApp ń gbé fọ́tò wọlé lábẹ́lẹ̀ ẹ̀yin ń sùn.

Nǹkan tẹ́ ẹ máa wò, tẹ́ ẹ máa gbọ́, tẹ́ ẹ máa kà, ilé ni kẹ́ ẹ ti dáńlóòdù ẹ̀. Bíbélì tàbí Kùránì tó wà lórí fóònù, ẹ pa dátà kẹ́ ẹ ṣí i wò bóyá á ṣí, torí òmíràn wà tó jẹ́ pé íntánẹ́ẹ̀tì ló ń lò. Ẹ ṣe screenshot boarding pass àti àdírẹ́sì ilé tẹ́ ẹ ń lọ. Kẹ́ ẹ sì ṣájì fóònù kún kẹ́ ẹ tó jáde, láti 2014 ni sìkíọ́rítì tó ń yẹ àwọn tó ń lọ Amẹ́ríkà wò ti lè ní kẹ́ ẹ tan ẹ̀rọ yín lójú wọn, èyí tó bá kú ò ní bá yín lọ.

Ẹ má wo fídíò láìlo íápíìsì, ẹ jọ̀ọ́. Gbogbo èrò ò gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó pa ọba nínú fíìmù yín.

Tí fóònù bá wọ àárín síìtì lọ, ẹ má yí síìtì yẹn sẹ́yìn tàbí síwájú, ẹ má sì fi ọwọ́ wá a títí. Irin abẹ́ síìtì lè fún un pa, bátìrì inú ẹ̀ á bẹ́. Ẹ tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pe òṣìṣẹ́, iṣẹ́ wọn ni, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́.

Tí fóònù tàbí páwà bánkì bá ń gbóná jù, tàbí tó wú, tàbí tó ń rùn, ẹ yọ wáyà ẹ̀, ẹ má tì í sínú báàgì, ẹ má fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó, ẹ pariwo pe òṣìṣẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n á pa iná ẹ̀, wọ́n á wá da omi tàbí ohun mímu tí ò ní ọtí lé e lórí títí á fi tutù. Kì í ṣe áìsì o, áìsì máa ń sé ooru mọ́ ọn ni. Kẹ́ ẹ má sì tìjú kó máa jẹ́ pé ẹ fẹ́ fi pamọ́ torí pé wọ́n ti ní kẹ́ ẹ má lò ó.

Tẹ́ ẹ bá ń ṣájì fóònù lára síìtì, ẹ jẹ́ kó wà níbi tójú yín ti lè rí i, ẹ má fi í sábẹ́ ìrọ̀rí kẹ́ ẹ sùn lé e.

Tẹ́ ẹ bá ti balẹ̀

Táyà á kan ilẹ̀ báyìí, gbogbo inú bàálù á máa dún, "ẹ̀yin dà, a ti dé o." Ẹ ní sùúrù kí bàálù kúrò lójú ọ̀nà tó bà sí, kí wọ́n sì kéde pé ẹ lè tan án. Ẹni tó ń dúró dè yín níta kò ní lọ, iṣẹ́jú mélòó ló kù. Kẹ́ ẹ tó dìde, ẹ tọwọ́ bọ àpò ẹ̀yìn síìtì, ibẹ̀ ni páwà bánkì tí wọ́n ní ẹ kó síbẹ̀ wà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi í sílẹ̀ sí.

Tó bá jẹ́ òkè òkun lẹ dé, ẹ wọ settings, ẹ pa data roaming lórí SIM Nàìjíríà yín kẹ́ ẹ tó yọ airplane mode. Wi-Fi ọ̀fẹ́ wà ní pápákọ̀ Heathrow, ẹ fi ìyẹn pe ilé lórí WhatsApp.